Ṣé Ọjọ́ Lè San Gbèsè?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ nínú ìpàdé obìnrin. Ọ̀rọ̀ òfin ni, ṣùgbọ́n ó kan ọkàn, ó kan ilé, ó kan opó, ó sì kan ọmọ kékeré. Òun náà nìyí: bí ènìyàn bá ṣẹ̀ wá, tàbí tí ó jẹ wá ní gbèsè, tí ọdún sì ń gorí ọdún tí a kò pè é lẹ́jọ́, ǹjẹ́ ọjọ́ tí ó ti kọjá lè pa ọ̀ràn náà rẹ́?

Àwọn baba wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ́n tún ní ẹni tí ó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba tí ó wà lórí wa lónìí ń sọ ohun mìíràn. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni ó ní gbèdéke, bí gbèdéke náà bá sì ti kọjá, kóòtù yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹkún kò sì lè ṣí i. Èwo nínú méjèèjì ni ó tọ́? Kí sì ni ó yẹ kí àwa tí a ń jẹ́ orúkọ mọ́ Kristi ṣe láàárín méjèèjì?

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin sọ, nítorí àìmọ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Òfin yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1623, láyé Ọba James Kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí a bá jẹ ní gbèsè ní ọdún 6 láti pe ẹjọ́, ẹni tí a bá sì gba ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 20. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá jọba lé wa lórí, wọ́n kó òfin wọn dání, títí àwa náà fi ṣe tiwa. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ní ẹjọ́ lórí gbèsè tàbí àdéhùn ní ọdún 6. Ẹni tí ó fara pa nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn, bí ẹni tí mọ́tò gbá, ní ọdún 3. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 12. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, iye ọdún wọn kò sì dọ́gba. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ti Èkó wọn ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ láìbéèrè.

Èyí tí ó máa ń bá ènìyàn lójijì jùlọ ni òfin tí ó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ọba. Láti 1916 ni a ti ní in. Ó sọ pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi iṣẹ́ ọba ṣe ohun tí ó pa ọ́ lára, oṣù 3 péré ni o ní láti pè é lẹ́jọ́. Oṣù 3! Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lè máà tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ní oṣù 3. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti kọ́ irú òfin yìí ṣe tiwọn ní 1893, oṣù 6 ni wọ́n sì fún àwọn ènìyàn wọn. Ní 1954 wọ́n pa á rẹ́ pátápátá. Àwa ṣì di tiwa mú. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ wa ti gé e kúrú díẹ̀, nítorí ní 2019 ó dá a lẹ́jọ́ pé òfin náà kò kan ọ̀ràn àdéhùn iṣẹ́. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà láàárín wa fi èyí sọ́kàn.

Báwo ni kóòtù ṣe ń ka ọjọ́ náà? Kì í wo omijé. Déètì méjì ni ó ń wò: ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tí olùpẹjọ́ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù. Bí àárín méjèèjì bá ju gbèdéke lọ, ó parí nìyẹn. Lóòótọ́, irú òfin bíi ti Èkó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. A kì í ka ọjọ́ lé ọmọdé lórí títí yóò fi tójú bọ́, a kì í sì kà á lé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé lórí. Bí ẹni tí ó jẹ̀bi bá fi ẹ̀tàn bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí àṣírí tú ni kíkà yóò bẹ̀rẹ̀. Bí onígbèsè bá sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun jẹ owó náà, tí ó fọwọ́ sí i, tàbí tí ó san díẹ̀ nínú rẹ̀, a ó tún ọjọ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà kan sì wà tí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa gbé jáde ní 2009 fún ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gẹ́gẹ́ bí kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé láìṣẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́. Lábẹ́ ìlànà ti 1979, oṣù 12 ni a fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ti 2009 sọ pé kò sí gbèdéke kankan tí ó lè dí i lọ́wọ́.

ỌGBỌ́N WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ má jẹ́ kí a tètè bínú sí òfin yìí, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí a máa kú. Ikán a máa jẹ ìwé. Ẹni tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lè máa fi ohun tí ó gbọ́ kún ohun tí ó rí láìmọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó bá pẹ́ nílẹ̀, gbígbọ́n ní í gbọ́n. Bí kò bá sí gbèdéke, ẹnikẹ́ni lè dúró títí baba yóò fi kú, kí ó tó wá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé baba yín jẹ mí lówó. Ta ni yóò dá a lóhùn? Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí mọ̀ pé bí agogo ìdánwò bá lù, gbogbo ọmọ ni yóò gbé kálámù sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹni tí kò parí kò mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí agogo kò bá lù rárá, a kò lè rí ìwé kankan máàkì.

Bíbélì pàápàá mọ irú àríyànjiyàn yìí. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 11, ọba àwọn ọmọ Ámónì dìde pé kí Ísírẹ́lì dá ilẹ̀ òun padà. Jẹ́fútà rán ìránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn tí ó ti rojọ́ bí ilẹ̀ náà ṣe tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó béèrè pé, ó ti pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí Ísírẹ́lì ti ń gbé Héṣíbónì àti Áróérì àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, kí ló dé tí ẹ kò gbà wọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn? Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tí lọ́yà ń sọ ní kóòtù wa lónìí ni Jẹ́fútà sọ. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín pẹ̀lú, ní 1913, kóòtù kọ̀ láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ń lò ó, tí wọ́n sì ti ń gba owó ilẹ̀ lórí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, nítorí àwọn tí ó ń bá wọn du ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó jókòó wo ọmọlàkejì rẹ̀ tí ó ń kọ́lé, tí kò wí nǹkan kan títí òrùlé fi kan ilé, tí ó wá ń pariwo lẹ́yìn náà, òun náà ní ìbéèrè láti dáhùn.

Ẹ tún rántí ohun tí ojú wa rí lórí ìdìbò. Ní oṣù kẹrin 2007 ni a dìbò gómìnà ní Ọ̀ṣun àti Èkìtì. Oṣù kẹwàá 2010 ni ẹjọ́ tó parí tí Káyọ̀dé Fáyẹmí fi gba ipò ní Èkìtì, ti Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun sì di oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ọdún 4 ni gómìnà ń lò, ọdún 3 àti àbọ̀ sì ti lọ nídìí ẹjọ́. Nínú àtúnṣe tí a ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa ní 2010 ni a ti fi gbèdéke sí i: ọjọ́ 21 láti gbé ẹjọ́ dìde lẹ́yìn ìkéde èsì, àti ọjọ́ 180 kí ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ọ fi dájọ́. Nítorí náà, a kò lè sọ pé kíka ọjọ́ fúnra rẹ̀ burú. Àìka ọjọ́ náà lè jẹ́ ìrẹ́nijẹ.

OHUN TÍ ỌJỌ́ KÒ LÈ ṢE

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òfin ṣe àti ohun tí kò ṣe. Ní ti gbèsè, òfin kò sọ pé a ti san owó náà. Ohun tí ó sọ ni pé kóòtù kò ní bá ọ gbà á mọ́. Ọ̀tọ̀ ni kí ilẹ̀kùn tì, ọ̀tọ̀ ni kí gbèsè tán. Ohun kejì tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù ni èyí: olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ gbèdéke kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé obìnrin kan yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó ọjà, tí ọ̀rẹ́ náà ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, títí ó fi di ọdún keje. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, ọ̀rẹ́ yìí kò nílò láti sọ pé òun kò yá owó. Kò nílò láti sọ pé òun ti san án. Ohun tí yóò sọ kò ju pé ọjọ́ ti kọjá lọ. Òfin ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ fún un láti sá jáde, ṣùgbọ́n òfin kò tì í gba ibẹ̀. Òun ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbà á. Bí ó bá jẹ́ Kristẹni, tí owó náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò wí fún Ẹni tí kò ní kàlẹ́ńdà?

Àṣà wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí baba kan bá fi oko kókò rẹ̀ dógò, tí ó fi yá owó, ẹni tí ó yá a lówó yóò máa ká kókò náà, ṣùgbọ́n oko kì í di tirẹ̀ láéláé. Bí ó pé ogójì ọdún, bí baba kú, bí ọmọ kú, bí ọmọ-ọmọ bá gbé owó náà wá, a ó dá oko padà. Àwọn kóòtù wa gba àṣà yìí wọlé, wọ́n ní ohun tí a bá fi dógò, ohun ìdógò ni títí a ó fi rà á padà.

Síbẹ̀ kí a má ṣe pọ́n àṣà wa ju bí ó ti yẹ lọ. Gbèsè tí kì í kú yìí kan náà ni ó sọ ọmọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Ọmọ á lọ ṣe iṣẹ́ lóko olówó nítorí owó tí baba rẹ̀ yá, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì dín owó náà kù kọ́bọ̀. Ó lè ṣe é títí irun yóò fi hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Gbèsè tí kò ní òpin lè di ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìdí nìyí tí òfin Mósè fi yẹ kí a fi ọkàn bá lò. Nínú Deuterónómì orí 15, ní òpin ọdún méje méje, a ó dá gbèsè sílẹ̀ fún arákùnrin ẹni. Nínú Léfítíkù orí 25, ní ọdún àádọ́ta, ilẹ̀ tí a tà yóò padà sọ́dọ̀ ìdílé tí ó ni ín. Níbẹ̀ pẹ̀lú, a ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ọjọ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún! Nínú òfin ìjọba wa, bí ọdún bá ti ń pọ̀ sí i, ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń jèrè. Nínú òfin Mósè, bí ọdún bá ti ń pọ̀ sí i, tálákà ni ó ń sún mọ́ ìdáǹdè. Nígbà tí a bá ń wo gbèdéke èyíkéyìí, ìbéèrè tí ó yẹ kí Kristẹni kọ́kọ́ béèrè ni pé: ta ni aago yìí ń ṣiṣẹ́ fún?

Ní ti ẹ̀rí-ọkàn, kò sí gbèdéke fún un. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn arákùnrin Jósẹ́fù ti tà á. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyọnu dé bá wọn ní Íjíbítì, ọ̀rọ̀ Jósẹ́fù ni ó kọ́kọ́ wá sí wọn lẹ́nu (Jẹ́nẹ́sísì 42). Sákéù náà, nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, kò béèrè pé ọdún mélòó ni mo ti gba owó yìí. Ó ní ìlọ́po mẹ́rin ni òun yóò dá padà (Lúùkù 19). Orílẹ̀-èdè pàápàá a máa ní ẹ̀rí-ọkàn. Ní 1999, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa láti gbọ́ ìwà ìkà tí a hù sí àwọn ènìyàn láti 1966. Àwọn tí ilẹ̀kùn kóòtù ti tì mọ́ wá sọ tẹnu wọn ní gbangba, a sì gbọ́ wọn. Sísọ fún ẹni tí ó fetí sílẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n ó ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

ẸNI TÍ Ó NÍ KÍ OPÓ MÚ SÙÚRÙ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìjọ gan-an la dé yìí. Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwa Ìjọ Elétò sì tún ní tiwa. Nínú àwọn Òfin Gbogbogbòò tí John Wesley àti Charles àbúrò rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1743, a kà á sí ìwà ibi kí arákùnrin gbé arákùnrin lọ sí kóòtù. A dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òfin kan náà, a tún kà á sí ibi kí ènìyàn yá owó tàbí kí ó kó ọjà àwìn nígbà tí kò sí ìrètí pé yóò san án. Ẹ má jẹ́ kí a di ọ̀kan mú kí a sì jù èkejì nù. Nígbà tí Wesley ṣe àwọn òfin yìí, olórí kíláàsì ń rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a má lọ sí kóòtù ti gba iṣẹ́ kóòtù sọ́rùn ara rẹ̀ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ náà, ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ lásìkò.

Kí ni a sábà máa ń rí? Ọkọ kú. Ilẹ̀ tí ó fi owó ara rẹ̀ rà, tí ìwé rẹ̀ wà, àwọn ará ilé gbẹ́sẹ̀ lé e. Opó ní òun fẹ́ rí lọ́yà. Àwọn àgbà ní, ìyá, ẹ mú sùúrù, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìrántí ọdún kan ná. Lẹ́yìn ìrántí, wọ́n ní kí ó dúró kí ẹ̀gbọ́n ọkọ ti òkè òkun dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, wọ́n ní àsìkò Kérésì kì í ṣe àsìkò ìjà. Kò sí ẹni burúkú nínú àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, àlàáfíà ni gbogbo wọn ń wá. Ṣùgbọ́n aago kò gbọ́ èdè àlàáfíà. Nínú ìdájọ́ kan ní 1994, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ kedere pé ìjíròrò àti ìdúnàádúrà kì í dá ọjọ́ dúró. Nígbà tí ẹ bá ń jókòó ìpàdé ìdílé, ọjọ́ ń lọ. Nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà lórí rẹ̀, ọjọ́ ń lọ. Àwọn tí ó jókòó sórí ilẹ̀ náà lè mọ èyí, kí opó má mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tí gbèdéke bá kọjá, sùúrù tí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní ni wọn yóò fi na án.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ. Sùúrù jẹ́ èso Ẹ̀mí, ṣùgbọ́n sùúrù ti ara ẹni ni. Ẹni tí ó bá ní kí ẹlòmíràn mú sùúrù gbọ́dọ̀ mọ iye ọjọ́ tí ó kù fún un. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè. Opó inú Lúùkù orí 18 kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí adájọ́ aláìbẹ̀rù Ọlọ́run fi dá a láre. Jésù kò pè é ní aláìnísùúrù. Ẹni tí ó gbàdúrà láìṣàárẹ̀ ni ó fi í ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀nà wà tí àlàáfíà àti òfin fi lè rìn pọ̀. Kí àwọn àgbà dá ọjọ́ tí ìpàdé yóò parí. Kí ẹni tí ó jẹ gbèsè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun jẹ ẹ́, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ déètì sí i. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ó fún onígbèsè ní àyè láti mí, ó sì mú kí òfin tún ọjọ́ kà fún ẹni tí ó ni owó. Onígbèsè tí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé bẹ́ẹ̀ ti sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún yín.

NÍ TI ỌMỌ KÉKERÉ

A mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tí ó wúwo jùlọ sí ìkẹyìn. Ní ti ọ̀ràn ọ̀daràn, òfin ilẹ̀ wa kì í sábà ka ọjọ́. Ẹni tí ó pa ènìyàn, bí ó pẹ́ tó ogójì ọdún, a lè mú un. Olè àti adigunjalè náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀ràn kan wà tí ìwé òfin ọ̀daràn tí a jogún láti ayé Gẹ̀ẹ́sì fi gbèdéke sí. Ọ̀tẹ̀ sí ìjọba jẹ́ ọ̀kan, ọdún 2 ni. Èkejì ni kí ọkùnrin bá ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀, tàbí èyí tí ó wà láàárín ọdún 13 sí 16. Oṣù 2 ni ìwé òfin yẹn fi sílẹ̀ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó ji ewúrẹ́, a lè pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹni tí ó ba ọmọ ọdún mẹ́jọ jẹ́, bí oṣù 2 bá kọjá, ó bọ́. Òfin tí ó dá aago dúró fún ọmọdé lórí ọ̀rọ̀ owó kò dá a dúró fún un lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ta ni ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò sọ fún? Ẹni tí ó ṣe é lè jẹ́ ẹni tí ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ó lè ti sọ fún un pé bí ó bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ yóò kú. Kí ọmọ tó rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé, oṣù 2 ti lọ.

A dúpẹ́ pé ìyípadà ti ń dé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì fi oṣù 2 sí i. Òfin ọ̀daràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 náà fi ẹ̀wọ̀n gbére sí i. Ní 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Abuja fọwọ́ sí àbá pé kí a yọ gbèdéke oṣù 2 náà kúrò nínú ìwé òfin àtijọ́. Àwa obìnrin ni ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣojú wa pé ibo ni ọ̀rọ̀ náà dé dúró.

Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún kọ́ ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń sọ pé ẹ jẹ́ kí a bò ó mọ́lẹ̀ kí orúkọ ọmọ má bàjẹ́ ni. Ara ọmọ náà ní aago tirẹ̀, aago náà sì yá ju ti kóòtù lọ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí a tó wẹ ọmọ, kí a tó fọ aṣọ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Oògùn tí ó lè dènà àrùn HIV wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Ibùdó ìtọ́jú irú ọ̀ràn yìí wà, bí Mirabel Centre tí a dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2013. Lẹ́yìn náà, kí a lọ sọ fún ọlọ́pàá, ẹni yòówù tí ó jẹ́, ìbáà ṣe ẹni tí ó ń jókòó síwájú nínú ìjọ.

Bí ó bá sì jẹ́ àgbà obìnrin ni ó wá sọ fún wa pé ohun kan ṣẹlẹ̀ sí òun ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ wa má ṣe jẹ́ pé, kí ló dé tí o kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí? Kóòtù lè béèrè bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Etí wa kò ní gbèdéke. Ohùn ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì dé ọ̀run láìsí ìwé ẹjọ́, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ.

Ní ìparí, ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́rin lọ sílé. Èkíní, kí a mọ gbèdéke ìpínlẹ̀ wa, kí a sì tètè béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bí ọ̀ràn bá dé. Èkejì, kí a má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó mú sùúrù bí àwa kò bá ṣetán láti bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta, bí ohun ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ wa, kí a dá a padà, bí òfin tilẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi ọjọ́ ọmọ kékeré ṣòfò nítorí orúkọ àgbàlagbà.

Ọjọ́ lè ti ilẹ̀kùn kóòtù. Kò lè san gbèsè. Àwa tí a jẹ ẹ́ ni yóò san án. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó rántí, àti ọwọ́ tí ó ń dá nǹkan padà. Àmín.